Teslim Balógun Tí Wọ́n Ń Pè Ní Àrá: Ẹ̀kọ́ Fún Òbí Ọmọ Tó Ń Gbá Bọ́ọ̀lù

  

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Mo mọ̀ pé bí àwọn ìyá mìíràn bá ti gbọ́ bọ́ọ̀lù, wọn yóò fẹ́ ṣí ojú ìwé náà kọjá, wọn yóò ní ti àwọn ọkùnrin nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí i. Ọ̀rọ̀ náà kan àpò yín, ó sì kan ọmọ yín.

Láìpẹ́ yìí, mo ti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó níbi ìsọmọlórúkọ kan. Nígbà tí a jẹun tán, ìyá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà fà mí lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, "Alhaja, ẹ bá mi ronú o. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi kò jẹ́ kí n sùn mọ́."

Ohun tó sọ fún mi nìyí. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, kò fẹ́ràn ohun kan láyé ju bọ́ọ̀lù lọ. Bí ó bá jáde nílé láàárọ̀ pé òun ń lọ sí ilé-ìwé, pápá ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé e lọ. Baba rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ télọ̀, gbà á níyànjú títí, kò gbọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ni inú bí baba, ló bá mú sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ, ó gé bàtà bọ́ọ̀lù ọmọ náà sí wẹ́wẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá ọmọ nílé. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Àkúrẹ́ ni wọ́n ti rí i. Ó ní òun kò padà sí Oǹdó mọ́, àfi bí wọ́n bá gbà kí òun máa gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ọkùnrin kan rí ọmọ náà níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Àkúrẹ́. Ó ní òun ni òun ń bá àwọn ẹgbẹ́ ìlú Òyìnbó wá ọmọ. Ó ní ẹsẹ̀ ọmọ yìí, owó ni. Kí wọ́n ṣáà lọ wá owó ìwé ìrìnnà àti owó tí wọn yóò fi dán an wò lọ́hùn-ún. Ìyá náà ti kó èsúsú rẹ̀, ó sì ti ń wá ẹni tí yóò ra ìdì aṣọ méjì tó kù ní ìsọ̀ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò mọ̀. Ó wá bi mí pé, "Alhaja, ṣé kí n san án? Bí n kò bá san án, tí ọmọ yìí kò bá sì rí ayé gbé lọ́la, ṣé kò ní sọ pé èmi ìyá òun ni mo dí òun lọ́nà?"

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mọ bí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti wúwo tó. N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo bi í bóyá ó mọ Teslim Balógun. Ó ní òun ti gbọ́ ọ, ó ní pápá ìṣeré kan ní Èkó ni. Mo ní ènìyàn ni kó tó di pápá. Ni mo bá fa àga, mo sọ ìtàn ọkùnrin náà fún un, gẹ́gẹ́ bí mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà.

Èkó ni wọ́n ti bí Teslim Balógun, Port Harcourt ló sì ti lọ sí ilé-ìwé. Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa, nítorí kò sí àdúgbò Mùsùlùmí ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó tí ẹ ó pe Teslim tí ẹnì kan kò ní jẹ́. Ọkùnrin gíga ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lágbára. Iwájú ló máa ń gbá, èyí nì ni pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gbá góòlù wọlé. Bí bọ́ọ̀lù ti ń ró lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó ni àwọn ènìyàn ṣe sọ ọ́ ní "Thunder", tí í ṣe Àrá. Àwọn àgbà tó rí i máa ń sọ pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ a máa fa àwọ̀n ya, òmíràn a tilẹ̀ sọ ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ń sọ ọ́. Èyí tó dá wa lójú tó wa í sọ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nípa bọ́ọ̀lù ayé ìgbà náà. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá Èkó, ti ibi iṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Railway ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, Marine ní tirẹ̀, U.A.C. ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Pan Bank àti SCOA. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Railway lọ́jọ́ Sátidé, òṣìṣẹ́ Railway ni lọ́jọ́ Ajé. Bọ́ọ̀lù ló mú un wọ ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló ń bọ́ ọ. Bí ẹsẹ̀ bá dá, ọwọ́ ṣì wà.

Ọ̀nà yìí ni Teslim gbà. Ẹgbẹ́ kékeré kan tí à ń pè ní Apapa Bombers ló kọ́kọ́ wà. Lẹ́yìn náà ó gbá fún Marine, ó gbá fún Railway, ó gbá fún Pan Bank, ó sì gbá bọ́ọ̀lù dé Jos lókè lọ́hùn-ún. Láti 1945 ni wọ́n ti ń díje fún Ife Gómìnà, èyí tó di Challenge Cup lẹ́yìn náà. Teslim gba ife yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kì í sì í ṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ibi tó bá lọ ni góòlù ń bá a lọ.

Ní 1949, wọ́n ṣa ọmọkùnrin 18 ní gbogbo Nàìjíríà láti lọ fi bọ́ọ̀lù bẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wò. Etim Henshaw ni balógun wọn, Teslim sì wà nínú wọn. Ọkọ̀ ojú omi tí ń jẹ́ Apapa ló gbé wọn lọ sí Liverpool. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ gbọ́ èyí: ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ wọn fi gbá bọ́ọ̀lù lọ́hùn-ún, wọ́n kàn fi aṣọ di ọrùn ẹsẹ̀ wọn ni. Àwọn òyìnbó tú jáde wá wò wọ́n. Ẹgbẹ́ Marine ti ìlú Crosby, nítòsí Liverpool, ni wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé, wọ́n sì gbá góòlù 5 sí 2 nà án. Ìdíje 9 ni wọ́n gbá. Wọ́n borí nínú díẹ̀, wọ́n sì fìdí rẹmi nínú púpọ̀, pàápàá nígbà tí òjò sọ pápá di ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ lásán kò ríbi mú. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n sì na Sierra Leone ní góòlù 2 sí òdo ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá 1949. Èyí ni ìdíje àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá.

Ìyá ọmọ náà dá mi lẹ́nu níbí yìí. Ó ní, "Ẹ ò rí i? Wọ́n kúkú mú un lọ sí ìlú Òyìnbó." Mo ní, "Wọ́n mú un lọ, wọ́n sì mú un padà. Ẹ gbọ́ èyí tó kù."

Nígbà tí Teslim ti Liverpool dé, ọdún mẹ́fà ló tún fi gbá bọ́ọ̀lù nílé kó tó padà lọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún. Ní 1955 ni ẹgbẹ́ Peterborough United gbà á. Àkànṣe agbábọ́ọ̀lù ni nígbà náà, gbogbo Nàìjíríà ló mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, Peterborough kò tíì sí nínú Football League, tí í ṣe líìgì ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1960 ni wọ́n tó gbà wọ́n síbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni Teslim ti lọ gbá fún Skegness Town, ìlú kékeré kan létí òkun.

Ní 1956 ni Queens Park Rangers ti ìlú London mú un. Ẹgbẹ́ yìí wà nínú líìgì ńlá, ní ìpele kẹta, ẹ̀ka ti Gúúsù. Ọmọ Nàìjíríà kan, Titus Okere, tí wọ́n jọ lọ ní 1949, ti dé Swindon ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n Teslim ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ pápá nínú ìdíje líìgì ńlá náà. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ Èkó láàárín òtútù, aṣọ kan tí kò tó, bàtà onírin lábẹ́ ẹsẹ̀ tó ti mọ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lára, èrò tó ń pariwo ní èdè àwọn.

Ìdíje líìgì mélòó lẹ rò pé ó gbá fún wọn? Mo bi ìyá náà, ó ní bóyá 100. Ìdíje 13 ni. Góòlù mélòó? Góòlù 3. Sáà kan ṣoṣo ló lò níbẹ̀, láti 1956 dé 1957, lẹ́yìn náà ó lọ sí Holbeach United, ìyẹn náà ẹgbẹ́ tí kò sí nínú líìgì ńlá.

Ẹ má jẹ́ kí a fi ojú kékeré wo 13 yẹn o. Ọ̀nà tí kò sí ẹni tó tọ̀ ọ́ rí ló là. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ìyá tó fẹ́ ta aṣọ rẹ̀ mọ̀ pé ẹni tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní Àrá, ìdíje 13 ló rí gbá níbẹ̀. Owó ńkọ́? Ní sáà yẹn, òfin líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ẹgbẹ́ kankan san ju pọ́n-ùn 15 lọ lọ́sẹ̀ fún agbábọ́ọ̀lù ní àkókò ìdíje, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n gbá tó. Ọdún 1961 ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Owó tabua tí à ń gbọ́ lónìí kò sí nígbà náà.

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Teslim mọ èyí. Ó padà wálé, ó ṣì gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kò dúró kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ̀ ẹ́ tán kó tó wá nǹkan mìíràn ṣe. Ó kọ́ iṣẹ́ kíkọ́ni ní bọ́ọ̀lù, ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, wọ́n sì ka á sí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbé e sí orí, láti orí ló ti ń pín in fún àwọn ọmọ tó tẹ̀lé e.

Kì í ṣe òun nìkan ló ronú bẹ́ẹ̀. Elkanah Onyeali, atamátàsé tó gbá fún Tranmere Rovers ní sáà 1960 sí 1961, kò pẹ́ níbẹ̀ tó fi gba Amẹ́ríkà lọ láti lọ kàwé.

Ọlọ́run kò jẹ́ kí Teslim Balógun pẹ́ láyé. Ọjọ́ 30 oṣù keje 1972 ló jáde láyé, kò tíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún. Ní 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pápá ìṣeré kan ní Sùúrùlérè, ní Èkó. Wọ́n parí rẹ̀ ní 2007, orúkọ rẹ̀ ni ó sì ń jẹ́. Ibi tó lé ní ẹgbẹ̀rún 24 ènìyàn lè jókòó sí.

Nígbà tí mo sọ èyí tán, ìyá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo wá bi í pé, "Nínú gbogbo ohun tí mo sọ yìí, níbo ni ẹ ti gbọ́ pé ìyá Teslim ta ìdì aṣọ?" Ó wò mí, ó ní, "N kò gbọ́ ọ níbì kankan." Mo ní ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn mi wà. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ọmọ ni í sanwó fún ọmọ. Ọmọ kì í sanwó fún ẹgbẹ́. Àwọn ará ilé ló kọ́kọ́ mọ Teslim kí àwọn ará òkè òkun tó mọ̀ ọ́n, ìdíje tó sì ń gbá ní gbangba ni ìwé tó fi wá iṣẹ́.

Mo sì fi ti òde òní kún un. Òfin FIFA, àjọ tó ń ṣe àkóso bọ́ọ̀lù ní gbogbo ayé, kò gbà kí ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù, àfi fún ìdí díẹ̀ tí wọ́n kà sílẹ̀, irú bí i pé àwọn òbí rẹ̀ fúnra wọn kó lọ síbẹ̀ fún ohun tí kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù. Ọmọ yìí, ọdún 16 ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe aṣojú agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò FIFA, kó sì gba ìwé àṣẹ. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ nípa àwọn ọmọ tí wọ́n tàn lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, tí ẹni tó mú wọn lọ gba owó wọn, tó sì fi wọ́n sílẹ̀ láìsí ẹgbẹ́, láìsí ilé, láìsí owó tí wọn yóò fi padà.

Ìyá náà kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Lójú mi níbẹ̀ ló ti pe ọkùnrin náà lórí fóònù. Ìbéèrè mẹ́ta ló bi í. Kí ni orúkọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ ọmọ òun? Níbo ni ìwé àṣẹ rẹ̀ wà? Bí ẹgbẹ́ náà bá fẹ́ ọmọ lóòótọ́, kí ló dé tí òun ni yóò sanwó? Ọkùnrin náà ní, "Ẹ̀yin obìnrin, kí lẹ mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù?" ó sì pa fóònù rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò gbé e mọ́. Owó èsúsú ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, mo dúpẹ́.

Ó wá ku ti baba. Mo ní kí ìyá náà mú mi lọ sí ìsọ̀ ọkọ rẹ̀, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ owó náà fún un, nítorí ohun tí a bá fi pa mọ́ fún ọkọ, ọjọ́ kan ni yóò tú. Ó sọ ọ́, ẹkún ń bọ̀ lójú rẹ̀. Ọkùnrin náà kò jà. Ó sinmi lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ní, "Alhaja, ẹ má bínú. Kì í ṣe pé mo kórìíra bọ́ọ̀lù. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ń gbá a nígbà èwe. Òun mọ̀ ọ́n gbá jù mí lọ fíìfíì. Orúnkún rẹ̀ ló yẹ̀ níjọ́ kan. Kò kàwé, kò kọ́ṣẹ́. Títí di òní, bí mo bá rí i lọ́nà, n kì í mọ ohun tí mo lè sọ fún un. Ọmọ mi ni mo ń rò nígbà tí mo mú sísọ́ọ̀sì."

Ẹ rí i pé ìbẹ̀rù ló gé bàtà yẹn. Ìbẹ̀rù kan náà ló sì fẹ́ ta ìdì aṣọ méjì. Ìyá ń bẹ̀rù pé ọmọ yóò pàdánù oríire rẹ̀, baba ń bẹ̀rù pé yóò pàdánù ọjọ́ ọ̀la rẹ̀, kò sì sí ẹni tó jókòó ti ọmọ náà kó bi í ní ohun kan.

A ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ní Àkúrẹ́, ó mú ọmọ náà wá. A jókòó tì í, a sọ ìtàn Teslim fún un, títí kan 13 àti 3. Àdéhùn tí a bá a ṣe ni pé yóò padà sí ilé-ìwé, yóò máa gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé-ìwé àti lọ́jọ́ Sátidé níbi tí olùkọ́ rẹ̀ ti lè rí i, ní àkókò ìsinmi ni yóò sì máa jókòó ti baba rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Mo sì rán an létí pé Àkúrẹ́ níbí kì í ṣe ẹ̀yìn odi bọ́ọ̀lù. Ní 2012, ẹgbẹ́ Àkúrẹ́ tó ń jẹ́ Sunshine Stars bá ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kù wà nínú ìdíje àwọn akọni ẹgbẹ́ Áfíríkà. Al Ahly ti Íjíbítì ló dá wọn dúró: wọ́n gbá ọ̀mì 3 sí 3 ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì fi góòlù kan ṣoṣo nà wọ́n ní ìlú Cairo. Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá, ọ̀nà wà fún un nílé.

Baba náà ti ra bàtà mìíràn. Ó gbé e sórí pẹpẹ nínú ìsọ̀ rẹ̀, níbi tí ọmọ ti ń rí i bó bá ń rán aṣọ. Bí Sátidé bá dé, ọmọ yóò gbé e wọ̀, bí ó bá dé, yóò nù ún, yóò sì dá a padà síbẹ̀. Bóyá yóò di Teslim, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Bí kò bá sì dì í, kò ní sí ìdì aṣọ tí a ó máa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, yóò sì mọ bí a ti ń rán ṣòkòtò.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní ẹ̀bùn, ẹ má fi sísọ́ọ̀sì gé e, ẹ má sì fi í lé ẹni tí ẹ kò mọ ilé rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀nà kan kò wọjà. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́, kí ẹ sì rí i pé ọwọ́ àti orí rẹ̀ kò jókòó lásán.

Bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá wà nílé yín, ẹ kọ ìwé sí mi, a ó jọ gbé e yẹ̀ wò. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí Ọlọ́run bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa.